Kóòṣì Àmúsà Ò Fẹ́ Ẹsẹ̀ Òsì

Wọ́n ní Àmúsà ti sá lọ sí Èkó. Àwọn kan ní East Street ní Barking ń sọ ọ́ kiri pé ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti wọ bàálù, pé ojú ló tì í. Àwọn mìíràn ní rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán, pé áńbúláǹsì ló gbé e kúrò ní pápá, bánà rẹ̀ ni wọ́n sì fi bò ó bí ẹni bo òkú. Ẹnì kan tiẹ̀ bá mi nídìí ìtajà, ó ní Íńgíláǹdì ló lé e níṣẹ́. Ẹ gbà mí! Iṣẹ́ tí wọn ò gbé fún un rí, báwo ni wọ́n ṣe lé e kúrò níbẹ̀?

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmúsà wà nílé rẹ̀ ní Becontree. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Àní, ẹsẹ̀ ọ̀hún pé ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ kí ayé mọ̀ lọ. Ẹnu Suwebat, ìyàwó rẹ̀, ni mo ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, ojú tèmi ló sì rí ìdajì yòókù.

Ṣé ẹ mọ Àmúsà? Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ó yà mí lẹ́nu, torí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsọ fún un pé òun wà láyé. Àmúsà, Ọ̀jọ̀gbọ́n orí àga tìmùtìmù! Àmúsà A-wí-má-gbá-a! Ọkọ rìmóòtù! Ó jókòó sí Becontree, ó ń darí bọ́ọ̀lù ní Wembley! Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Dagenham, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, á gbé àyà síwájú, á ní, "Kóòṣì ni mí."

Kóòṣì àwọn wo? Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tí òbí wọn ń wá ẹni tí yóò mú wọn dání láàárọ̀ Sátidé kí àwọn lè ráyè fọ aṣọ.

Ó ní jákẹ́ẹ̀tì kan tó kọ KÓÒṢÌ ÀGBÀ gàdàgbà sí lẹ́yìn. Ó ní fèrè mẹ́ta. Ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ìparí, ìkẹta ló ń gbé kọ́rùn lọ ra búrẹ́dì.

Ọjọ́ tí Íńgíláǹdì bá ń gbá bọ́ọ̀lù, Suwebat kì í jókòó sí pálọ̀. Ilé ìdáná ló máa ń wà, nítorí ibẹ̀ nìkan ni itọ́ Àmúsà kò dé.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Ó tún ti dá a padà sẹ́yìn! Ẹni tó ń lọ sí Romford, kí ló ń wá lọ sí Barking?"

Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n sí i. 

"Àwọn ọmọ yìí mọ bọ́ọ̀lù gbá o, n ò parọ́. Ọmọdé kékeré, ẹsẹ̀ wọn gbóná bí ata. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sáà wọ aṣọ Íńgíláǹdì báyìí, wọ́n á di àlejò. 'Ẹ gba bọ́ọ̀lù.' 'Ó tì o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbà á.' 'Rárá, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé e fún aṣọ́lé.' Ṣé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá ni àbí wọ́n ń pín ẹran?"

Ibi tó máa ń dùn ún jù lọ ni apá òsì pápá. Bí ọmọ tó wà níbẹ̀ bá gba bọ́ọ̀lù, Àmúsà á dìde dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ọ̀nà rèé! Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu! Lọ! Lọ! Áà, ó tún yí padà! Kí ló dé tó ń yí padà? Kí lo gbàgbé sílé?"

Ọ̀rọ̀ "Kí lo gbàgbé sílé" yìí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá Husnah," Suwebat á ké láti ilé ìdáná, "ṣebí ẹ̀yìn lẹ̀yin náà fi ń wa ọkọ̀ wọ ilé-ẹrù lójoojúmọ́?"

"Ọkọ̀ nìyẹn! Ṣé ọkọ̀ ni bọ́ọ̀lù?"

"Mo kàn ní kí n bi yín ni, kóòṣì."

Wàyí o, Husnah tí a dárúkọ yìí ni àbíkẹ́yìn wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ òsì ọmọ yìí! Suwebat ní láti inú oyún ni òun ti mọ̀, pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lọmọ náà ń ta nípàá, kò sì jẹ́ kí òun sùn fún oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ tí Àmúsà kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́, ó fọn fèrè bí ẹni rí olè.

"Husnah! Ẹsẹ̀ wo nìyẹn?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, Dádì."

"Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni! Èwo nínú méjèèjì?"

"Òsì."

"Òsì! Ẹsẹ̀ tí a fi ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lo fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù fún Íńgíláǹdì? Kí ọba máa wò ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìwọ wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ òsì júwe àwọ̀n! Bí mo bá fi òsì gbé oúnjẹ fún ọ, ṣé wàá jẹ ẹ́?"

Husnah rò ó díẹ̀. "Bí ebi bá ń pa mí."

Ìdáhùn yẹn ló dá a lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà ni Àmúsà ti gba bàtà bọ́ọ̀lù òsì lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e lọ tì mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ ẹrù rẹ̀. Bàtà bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bàtà dúdú ilé-ìwé wà lẹ́sẹ̀ òsì. Ó ní bí ó bá tún dán òsì wò, bàtà á yọ̀, á ṣubú, á kọ́gbọ́n.

Suwebat lọ bá Alfa mọ́ṣáláṣí wọn, ó bi í bóyá ọ̀ràn ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Alfa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ tí a fi ń wọ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ́ òun, wọn ò kọ́ òun ní ẹsẹ̀ tí a fi ń gbá gòólù wọlé. Suwebat gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó fi òwe lé e. Ó ní, "Bàbá Husnah, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́."

"Ọwọ́ nìyẹn," ni Àmúsà wí. "Ẹsẹ̀ là ń sọ níbí."

Oṣù mẹ́rin lọmọ náà fi ń tiro lórí pápá. Ṣùgbọ́n Sátidé nìkan ni Àmúsà ní. Ilé-ìwé Husnah, níbi tí Suwebat ti ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọmọ, Àmúsà kò sí níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Magdalene ti rí ẹsẹ̀ òsì yẹn nínú bàtà àyálò ní ọjọ́ ìdíje. Ọmọ Yorùbá ni Magdalene, ìjọ Aládùúrà kan ní Barking ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wá àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tó mọ bọ́ọ̀lù, kó kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, kí àwọn tó ń wá ọmọ fún Íńgíláǹdì lè máa fojú sí wọn lára. Ó kọ lẹ́tà sílé Àmúsà pé òun fẹ́ wá wo Husnah lẹ́ẹ̀kan sí i ní Sátidé. Bí ó bá ṣe dáadáa, kí òbí kan fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà gan-an. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Ọmọ kan tún wà ní Rush Green tí òun yóò lọ wò lẹ́yìn náà.

Husnah ka lẹ́tà náà títí ó fi fẹ́ẹ̀ ya. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé e sí sùn.

Àmúsà náà kà á. Ó bọ́ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún kà á.

"Wọ́n ti gbọ́ nípa mi," ló wí.

"Orúkọ Husnah ló wà níbẹ̀," ni Suwebat wí.

"Ta ló bí Husnah?"

 Suwebat mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

"Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyí," ni Àmúsà ń bá a lọ. "Bí wọ́n bá fẹ́ mú un, wọn ó mú èmi náà. Ọmọ àti bàbá, ẹrù kan ni. Kí wọ́n fi mí ṣe kóòṣì níbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n ò fọwọ́ sí nǹkan kan! Ṣé wọ́n á wá mú ẹyin, kí wọ́n fi adìyẹ sílẹ̀?"

 Suwebat mọ ọkọ rẹ̀. Bí ó bá ti sọ pé òun ò ní fọwọ́ sí i, ó lè jókòó lé ọ̀rọ̀ náà títí ọmọ Rush Green yóò fi gba àyè, tí Husnah yóò sì máa fi bàtà ilé-ìwé gbá bọ́ọ̀lù títí yóò fi sú u.

Àmúsà kò dúró. Ó lọ ṣe bánà. Àwòrán rẹ̀ gba gbogbo ojú bánà náà, ó ká ọwọ́ gbera, fèrè mẹ́ta lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÀMÚSÀ, ẸNI TÍ YÓÒ TÚN BỌ́Ọ̀LÙ ÍŃGÍLÁǸDÌ ṢE. Husnah náà wà níbẹ̀ o, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá bàbá rẹ̀, bí sítáǹbù lára lẹ́tà. Ó sì lọ pe gbogbo ayé. Ó pe mọ́ṣáláṣí, ó pe ìjọ, ó pe àwọn tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n wá fojú rí ìtàn.

Ìdí nìyẹn tí ojú fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní pápá ní Sátidé náà. Èmi pàápàá gbé àga dání.

Magdalene dé pẹ̀lú fìlà lórí àti ìwé láyà. Ó kúnlẹ̀ kí Àmúsà dáadáa, orúnkún rẹ̀ kan koríko tútù. Ó wá na fọ́ọ̀mù sí i. Ọwọ́ òsì ló fi nà á.

Àmúsà fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na ejò sí.

"Ọwọ́ wo nìyẹn? Ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ọ nílé ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Òsì ni mo fi ń kọ̀wé, ó ti mọ́ mi lára."

"Kò tíì mọ́ èmi lára! N ò gbà á!"

Fọ́ọ̀mù wà lójú afẹ́fẹ́, ó ń mì. Suwebat rìn wá wẹ́rẹ́, ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi," ó sì tì í sínú báàgì rẹ̀. Báàgì ọ̀hún tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé báàgì náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún Husnah lápá òsì. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ó sáré dé etí ìlà, ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó wo bàtà ilé-ìwé, ó yí padà láti lọ wá ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kó tó yí tán, ọmọ méjì ti dí i. Ó dá bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé.

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Akínrẹ̀mí wà láàárín wa. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà ni, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí àgbá, ó ké: "Kóòṣì! Íńgíláǹdì mà nìyẹn!"

Ẹ̀rín ta. Àmúsà fọn fèrè tí kò yẹ kó fọn, àwọn ọmọ sì rò pé eré ti parí.

Magdalene sún mọ́ ọn. "Sà, ọmọ yìí kọ́ ni mo rí nílé-ìwé. Kí ló dé tó wọ bàtà ilé-ìwé lẹ́sẹ̀ kan?"

Ẹ wo bí àyà Àmúsà ṣe wú! Ohun tó ti ń dúró dè kí wọ́n bi òun nìyẹn.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn! Òsì ni ọmọ yìí fi ń gbá a tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi dè é mọ́lẹ̀. Mo ti wò ó sàn! Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Àmúsà, A-M-U-S-A."

Kálàmù Magdalene dúró lórí ìwé.

"Sà, ẹsẹ̀ òsì yẹn ni mo wá wò."



"Àwọn ọlọ́tùn-ún kún ọwọ́ wa," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bí a bá fi ọlọ́tùn-ún sápá òsì, tó bá dé etí ìlà, àfi kó yí padà wá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó yí tán, wọ́n á ti dí i, á dá a padà sẹ́yìn. Bí ẹ ṣe rí i lẹ́ẹ̀mẹta láìpẹ́ yìí."

"Yéè!" ni Akínrẹ̀mí ké, ó di orí mú. "Ẹ̀yin èèyàn, a ti mú u! Ọkùnrin tó ń ba bọ́ọ̀lù Íńgíláǹdì jẹ́ láti Becontree nìyí!"

Magdalene wo aago. "Ìdajì wákàtí ló kù kí n máa lọ sí Rush Green. Bàtà òsì rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ó wà nínú ọkọ̀ mi ní Dagenham," ni Àmúsà wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Mo tì í pa."

Omi lé ròrò sí ojú Husnah. Suwebat ti ń tú báàgì. Ó yọ ìgò omi. Ó yọ agbòjò. Ó yọ ìborùn. Ó yọ bàtà bọ́ọ̀lù kan, ti òsì.

Àmúsà la ẹnu. "Suwebat! Báwo lo ṣe..."

"Ẹni tó bá ń fọ ṣòkòtò ọkùnrin, Bàbá Husnah, òun ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé."

Husnah jókòó sílẹ̀ lórí koríko, ó wọ bàtà náà, ìyá rẹ̀ sì bá a so okùn. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó dé etí ìlà. Kò yí padà. Ó fi òsì gbé e sókè, ó balẹ̀ sórí ọmọ tó wà níwájú àwọ̀n, gòólù! Ìkejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbá a wọlé. Ìkẹta, aṣọ́lé kò tiẹ̀ fò sí i mọ́, ó kàn wò ó bó ṣe ń kọjá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀sì tó ti fi í sílẹ̀. Suwebat kò pariwo. Ó kàn di báàgì mọ́ àyà, ẹ̀jìká rẹ̀ ń mì, n ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Ó tó," ni Magdalene wí. "Sà, ẹ bá wa fọwọ́ sí i."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin, sà?"

"Èmi tí mo kọ́ ọ! Ibo lẹ fẹ́ fi mí sí níbẹ̀?"

Magdalene ronú, kò fẹ́ rí àgbà fín. "Àga wà fáwọn òbí, sà. Tíì náà sì wà."

Ẹ̀rín yẹn dé Romford. Ojú Àmúsà pọ́n. Ó ju jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. "Ẹ gbé bọ́ọ̀lù wá! Ẹ gbé e síwájú àwọ̀n! Lónìí lẹ ó mọ ohun tí ń jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún!"

Bàtà aláwọ dídán ló wọ̀, ṣóńṣó orí rẹ̀ gùn bí ẹnu ẹyẹ. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ó rìn sẹ́yìn, ó tún rìn sẹ́yìn sí i, ó fọn fèrè fún ara rẹ̀, ó sáré bọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí bọ́ọ̀lù. Bàtà ọ̀tún fò lọ sínú àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù dúró, ó fì, ó yí padà sẹ́yìn, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ Àmúsà kọjá níbi tó jókòó sí nínú ẹrẹ̀.

"Sẹ́yìn, kóòṣì?" ni Akínrẹ̀mí bi í. "Kí lẹ gbàgbé sílé?"

Gbogbo pápá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Kí lẹ gbàgbé sílé?"

Inú bí Àmúsà. Ó fò dìde, ibọ̀sẹ̀ ọ̀tún ń kán omi. Ó rí bọ́ọ̀lù aláìgbọràn náà, ó yí bìrí, kò ronú, ó gbá a.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ́ọ̀lù náà gbéra bí àṣá. Ó tẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀run, ó gba orí aṣọ́lé kọjá, ó wọ igun òkè àwọ̀n lọ bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀.



Husnah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tinrín, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Dádì! Ẹsẹ̀ wo nìyẹn?"

Àmúsà wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bí ẹni rí àlejò tí kò pè. Ó rọra fi pamọ́ sẹ́yìn ọ̀tún. Ẹ̀rín ló kù. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà yí ilẹ̀. Alfa di òpó àwọ̀n mú. Àmúsà kò lọ mú bàtà ọ̀tún rẹ̀ níbẹ̀. Bàtà kan lẹ́sẹ̀ òsì, ibọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tiro dé ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọmọ rẹ̀ dà fún oṣù mẹ́rin.

Suwebat kò sáré tẹ̀ lé e. Ó ṣì ní nǹkan láti ṣe. Lẹ́tà sọ pé kí òbí kan fọwọ́ sí i, kò sọ pé bàbá ni dandan. Kò sí tábìlì nítòsí, ó tú bánà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì, ó gbé fọ́ọ̀mù lé iwájú orí ńlá Àmúsà, ó sì fọwọ́ sí i níbẹ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Lójọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé ni Husnah ń lọ kọ́ bọ́ọ̀lù, bàtà rẹ̀ méjèèjì bára wọn mu. Ní àná òde yìí ni mo pàdé Àmúsà lẹ́nu ọ̀nà ibùdó rélùwéè ní Barking. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀. Fèrè kan ṣoṣo ló gbé kọ́. Mo ní, "Bàbá Husnah, ẹ kú oríire ọmọ o. Wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Mo rò pé á sá fún mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sún mọ́ mi, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀, bí búrẹ́dì nínú ààrò.

"Ìyá Pamílẹ́rìn," ló wí, "ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́. Ọ̀dọ̀ ta lẹ rò pé ó ti jogún ẹ̀?"